Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa fi ọwọ́ ara wọn wọn omi

Sí Olóòtú,

Mo kí yín fún iṣẹ́ ribiribi tí ẹ ń ṣe láti rí i pé èdè wa kò kúrò lójú ìwé. Mo ka àròkọ tí ẹ gbé jáde nípa àwọn ìyá tó ń jí ní ìdájí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti lọ tò sí ìdí kànga, mo sì fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ ọ́ pé ẹ̀bi ìjọba pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ tí kò yọ mọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àròkọ náà, ibi kan ṣoṣo ni mo ti rí àwọn ọmọdé, ibẹ̀ náà sì ni ibi tí wọ́n ti ru kẹ́ẹ̀gì. Mo jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí n tó fẹ̀yìntì, ohun tí mo sì rí láàárín ọdún wọ̀nyẹn ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹnu nìkan ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa nípa omi, ẹnu wọn náà sì ni ẹ̀kọ́ ọ̀hún ń dúró sí. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n mọ bí a ti ń ṣọ́ omi lò, àfi kí a jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wọ̀n ọ́, kí wọ́n gbé e, kí wọ́n sì máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Kò sí ẹni tó lọ sí ilé ìwé ní ilẹ̀ wa tí kò mọ orin tí a máa ń fi omi kọ. Olùkọ́ á kọ ọ́ sí ojú pátákó pé omi kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ní adùn. Gbogbo kíláàsì á pariwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n á dà á kọ sínú ìwé. Ìdánwò á dé, wọ́n á sì gba máàkì wọn. Èmi náà kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ kan, bí àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ti ń pariwo ìdí tí kò fi yẹ kí a máa fi omi ṣòfò, mo gbọ́ ìró kan tí kò dákẹ́ láti ìta. Ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́bàá ọgbà wa ló ń kán tó, tó, tó. Ó ti ń kán bẹ́ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Gbogbo àwa tí a wà nínú ọgbà là ń gba ẹ̀bá rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, àti ọmọ àti olùkọ́, kò sì sí ẹni tó bojú wò ó. Ojú tì mí.

Mo mú igo oníke kan tí ó gba ìdajì lítà, mo kó àwọn ọmọ náà jáde, a gbé igo náà sí abẹ́ ẹ̀rọ, ọmọ tó ní aago lọ́wọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú. Nígbà tí ìṣẹ́jú 40 pé, igo kún. Mo ní kí wọ́n padà sí kíláàsì kí wọ́n lọ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra wọn. Ìṣẹ́jú 1,440 ló wà nínú ọjọ́ kan. Bí ìṣẹ́jú 40 bá kún igo kan, igo 36 ni ẹ̀rọ náà ń kún láàárín ọ̀sán àti òru, èyí tí í ṣe lítà 18. Nígbà tí wọ́n fi ọjọ́ 365 lù ú, wọ́n rí lítà 6,570, wọ́n sì pín in sí kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tí gbogbo wọn mọ̀ ní ilé. Ó lé ní kẹ́ẹ̀gì 262. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ pé òun ló máa ń pọnmi fún ìyá rẹ̀ tó ń se oúnjẹ tà dìde, ó ní, "Sà, ta ló máa ru gbogbo rẹ̀?" N kò rí èsì kankan fún un. Kí agogo ìtúlé tó lù, àwọn ọmọ náà ti lọ bá ọ̀gá àgbà, a sì rí ẹni tó wá pààrọ̀ rọ́bà inú ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ kejì. Owó rọ́bà ọ̀hún kò tó owó búrẹ́dì kan.

Ìbéèrè ọmọ náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé oríṣi ọmọ méjì ló wà nínú kíláàsì kan náà. Ọ̀kan ni ọmọ tí ń ru omi. Ọmọ yìí kò nílò ìwàásù kankan lórí pé kí ó má da omi nù, ọrùn rẹ̀ ti kọ́ ọ. Omi onílítà 25 tẹ̀wọ̀n kílò 25, kí a tó ka kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ṣeé ṣe kí ọmọ tó rù ú má wọ̀n ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Èkejì ni ọmọ tí ilé wọn ní kànga ẹ̀rọ àti táńkì orí òrùlé, tí kò mọ ibi tí omi ti ń wá, tó kàn mọ̀ pé bí a bá ti yí ẹ̀rọ, omi á dà. Nígbà tí a bá kó àwọn méjèèjì jọ tí a ń wí fún wọn pé kí wọ́n má fi omi ṣòfò, ẹni tó mọ̀ ọ́n là ń fi ọ̀rọ̀ náà fìyà jẹ, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò sì gbọ́ ohun tí à ń wí.

Nítorí náà ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lo kẹ́ẹ̀gì kékeré onílítà márùn-ún. Gbogbo ọmọ kíláàsì, àti ọlọ́rọ̀ àti tálákà, ọkùnrin àti obìnrin, ni yóò gbé e ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láti ìdí kànga dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, tí ọmọ mìíràn yóò sì ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí a ó da omi náà sínú agbada, a ó sì bi ara wa léèrè ohun tí a lè fi lítà márùn-ún ṣe: àwo mélòó ni ó lè fọ̀, ènìyàn mélòó ni ó lè fọwọ́, ọgbà ewébẹ̀ wo ni ó lè tó. Ní ìparí ọdún 2017 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, nígbà tí ọ̀dá mú kí omi inú àwọn ìsédò ìlú Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìjọba ìlú náà pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lò ju lítà 50 lọ lóòjọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2018. Mo sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ mi, mo sì rò pé ẹ̀rù yóò bà wọ́n. Èyí tí ó pọ̀ nínú wọn bú sẹ́rìn-ín. Lítà 50 jẹ́ kẹ́ẹ̀gì méjì, ilé wọn kò sì rí kẹ́ẹ̀gì méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan rí. Àwọn díẹ̀ tí kò rẹ́rìn-ín ni àwọn tí ilé wọn ní táńkì, a sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n lọ wọn iye tí àwọn ń lò láti àárọ̀ di alẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ọmọkùnrin kan padà wá ní ọjọ́ Ajé, ó ní ìwẹ̀ nìkan lòun fi lítà 50 òun wẹ̀ tán.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan níhìn-ín tí kò ní dùn mọ́ àwa olùkọ́ nínú. Ní ilé ìwé wa, ìyà ni a fi omi pípọn ṣe. Ọmọ tó bá pẹ́ dé ni à ń rán lọ pọnmi sínú àgbá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí sí ilé olùkọ́. Ọmọ tí a bá fi omi jẹ níyà yóò máa dà á nù lójú ọ̀nà kí ẹrù rẹ̀ lè fúyẹ́, ẹ̀kọ́ tí yóò sì kọ́ ni pé omi jẹ́ ohun tí ó yẹ kí ènìyàn sá fún. Abájọ tí àwọn òbí fi ń bínú. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì onílítà márùn-ún yìí, ìyá ọmọ kan wá bá mi ní ọgbà ìwé, ó ní òun kò rán ọmọ òun wá pọnmi, ìwé lòun rán an wá kà. N kò bá a jà, mo ní kí ó jókòó, mo sì fi ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ náà hàn án, níbi tí ọmọ ti kọ iye ìṣísẹ̀, iye ìṣẹ́jú àti iye lítà tí ó ṣẹ́ kù nínú kẹ́ẹ̀gì nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá náà kà á títí, ó sì béèrè pé ṣé ọmọ òun ló ṣe ìṣirò yìí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ kò ju ìwé àkọsílẹ̀ yẹn lọ: bí ọmọ bá gbé omi tí kò kọ nǹkan kan, tí a kò sì bi í ní ìbéèrè kan, ẹrú la sọ ọ́ dà.

Ẹ̀kọ́ yìí sì yẹ kí ó tẹ̀ lé ọmọ délé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa nígbà tí iná ìjọba bá dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ariwo á ta, oníkálukú á sáré lọ tan ẹ̀rọ tí ń fa omi sókè, a ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Láìpẹ́, omi á máa dà láti orí táńkì bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, á gba ara ògiri sọ̀ kalẹ̀, á wọ inú gọ́tà, ẹni tó wà lójúde á kàn wo òkè, á ní, "Táńkì wọn ti kún." Ní ilé kejì tí kò jìnnà sí ibẹ̀, wọ́n ń ra omi lọ́wọ́ ọlọ́mọlanke. Mo fi ìṣọ́ táńkì rán àwọn ọmọ mi ní iṣẹ́ àṣetiléwá: kí wọ́n kọ aago tí a tan ẹ̀rọ, aago tí táńkì kún, àti aago tí ẹnìkan rántí pa á. Bàbá kan sọ fún mi ní ọjà pé ọmọ òun kò jẹ́ kí òun sinmi mọ́. Inú mi dùn.

Ọ̀rọ̀ òjò ló dùn mọ́ wọn jù. Igo oníke ńlá kan náà tó ń dí gọ́tà wa ni a fi ṣe ohun èlò ìwọ̀n òjò. A gé orí rẹ̀ níbi tí ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́, a dojú orí tí a gé náà délẹ̀ sínú ara tó kù kí ó lè dà bí àrọ, a kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e ṣubú, a sì bu omi díẹ̀ bo òkúta náà títí tí ojú rẹ̀ fi tẹ́, nítorí pé ìdí igo kì í tẹ́jú. Níbi tí ojú omi náà dúró sí ni a fa ìlà òdo sí, a sì lẹ rúlà mọ́ ara igo láti ibẹ̀ lọ sókè. A gbé e sí gbangba, níbi tí igi tàbí òrùlé kò ti ní ṣíji bò ó. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ọmọ tí iṣẹ́ kàn á lọ ka mìlímítà rẹ̀, á kọ ọ́ sójú pátákó, á sì da omi náà nù títí dé ìlà òdo.

Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu jù lọ ni pé mìlímítà kan òjò lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì gùn ní mítà kan, jẹ́ lítà omi kan gééré. Nígbà tí wọ́n mọ èyí, mo ní kí wọ́n lọ wọn ilé ìwé wa. Kíláàsì mẹ́ta tó wà lábẹ́ òrùlé kan gùn ní mítà 20, ó sì fẹ̀ ní mítà 8, wọ́n sì fi wọ́n lu ara wọn, wọ́n rí 160. Òjò tó rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú jẹ́ mìlímítà 20. Lítà 3,200 ni páànù kíláàsì mẹ́ta gbà ní alẹ́ ẹyọ kan. Kódà bí a bá yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tó ta sílẹ̀ àti èyí tó gbẹ mọ́ páànù, ó ṣì lé ní kẹ́ẹ̀gì ọgọ́rùn-ún. Gbogbo rẹ̀ ti ṣàn wọ gọ́tà kí ilẹ̀ tó mọ́, ilé ìwé kan náà ló sì ń rán ọmọ lọ pọnmi ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Òjò Ìbàdàn máa ń tó mìlímítà 1,200 tàbí kí ó lé láàárín ọdún kan. Mo fi ìṣirò ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín, kí wọ́n fi iye yẹn lu òrùlé ilé tiwọn.

Kò sí ohun tuntun nínú gbígbe òjò. Nínú ilé tí a bí mi sí, ìkòkò àti agbada kì í dín ní mẹ́jọ lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ìyá ìyá mi kì í sì í jẹ́ kí a gbe òjò àkọ́rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ alángbá tó wà lórí òrùlé. Àwọn ọmọ mi rí òótọ́ ọ̀rọ̀ ìyá náà nígbà tí a gbé igo funfun mẹ́rin sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé: ti àkọ́kọ́ pọ́n bí omi àgbo, ti ẹ̀kẹrin sì mọ́ débi pé a lè rí ojú wa nínú rẹ̀. Ohun kan náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fi ọ̀pá kan sí ara gọ́tà páànù láti ya omi àkọ́kọ́ sọ́tọ̀. Ìyá ìyá mi kò lọ sí ilé ìwé kankan.

Bóyá ẹnìkan yóò béèrè pé kí ni ìlú tó ní odò bíi tiwa ń wá nídìí òjò. Ìsédò Elẹ́yẹlé lórí odò Ọnà ni a ṣe ní ọdún 1942, nígbà tí Ìbàdàn kò tó báyìí rárá. Nígbà tó yá tí ìyẹn kò tó mọ́, a ṣe ti Aṣéjìrẹ́ lórí odò Ọ̀ṣun ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Nígbà tí mo sọ fún àwọn ọmọ pé omi Ọ̀ṣun kan náà tí wọ́n ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní Òṣogbo ló ń gba inú ọ̀pá wá sí àwọn àdúgbò kan ní Ìbàdàn, wọn kò kọ́kọ́ gbà mí gbọ́. A ya odò náà sí ilẹ̀ ọgbà ìwé wa pẹ̀lú ẹfun, a fi bíríkì ṣe ìsédò rẹ̀, a bu omi sí i, a sì da ọ̀rá omi àti iyanrìn sí òkè rẹ̀ bí àwọn ará ìlú ti ń da pàǹtírí sí odò. Kò pẹ́ tí iyanrìn fi gba ibi tó yẹ kí omi wà. Ohun tó ń ṣe Elẹ́yẹlé gan-an nìyẹn, ilẹ̀ àti pàǹtírí tí àgbàrá ń gbé wá ti gba àyè púpọ̀ lọ́wọ́ omi inú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ṣe eré yẹn kò ní ṣòro láti bá sọ̀rọ̀ nípa ìdí tí odò Ògùnpa fi kún tó bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tàbí ìdí tí omíyalé fi tún ba Ìbàdàn jẹ́ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ìlú kan náà ni, omi ń gbé ilé lọ níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ, òǹgbẹ sì ń gbẹ ẹ́ ní oṣù kejì.

Ní ti kànga, okùn ni a fi kọ́ ọ. A ta kókó sí okùn ní ìdajì mítà ìdajì mítà, a so òkúta mọ́ ìdí rẹ̀, èmi tàbí olùkọ́ mìíràn ló sì ń sọ ọ́ sínú kànga ní ọjọ́ kìíní oṣù. Mo tẹnu mọ́ èyí fún olùkọ́ tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀: ọmọ kankan kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ sórí kànga, iṣẹ́ tiwọn ni láti ka iye kókó tó gbẹ lára okùn nígbà tí a bá fà á jáde. Ní oṣù kẹwàá, kókó mẹ́ta péré ni kí a tó kan omi. Ní oṣù kejì, kókó mọ́kànlá. A ya á sójú ìwé, oṣù sí oṣù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye òjò, kò sì sí ọmọ tí a ní láti ṣàlàyé fún mọ́ pé inú kànga kì í ṣe ibi tí omi ti ń pilẹ̀ ara rẹ̀. Orí àpáta ni Ìbàdàn wà. Inú ilẹ̀ tó rọ̀ lókè àpáta náà àti inú ojú sísán rẹ̀ ni omi òjò ń fara pamọ́ sí, kò sì jinlẹ̀ lọ títí. Bí gbogbo ọgbà wa ti di sìmẹ́ǹtì báyìí, òjò kò ráàyè wọlẹ̀ mọ́. Ọmọ kan tó wo ìwé wa ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé ẹ̀kọ́ tí a fọwọ́ ṣe lè yí ìwà odidi orílẹ̀-èdè padà, kí ó rántí sòbìyà, kòkòrò gígùn tí ènìyàn ń kó látinú omi mímu, tó sì máa ń yọ lẹ́sẹ̀. Àwa tí a ti dàgbà mọ ohun tí kòkòrò yẹn fi ojú àwọn ará oko rí. Nígbà tí a ka àwọn tó ní in jákèjádò Nàìjíríà ní òpin àwọn ọdún 1980, wọ́n lé ní 650,000. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sì sí oògùn tó ń pa á. Aṣọ asẹ́ ni a fi lé e lọ, pẹ̀lú oògùn tí a ń dà sódò láti pa kòkòrò kékeré tó ń gbé e kiri, kànga tuntun ní àwọn abúlé kan, àti ìkìlọ̀ pé ẹni tí sòbìyà ń yọ lẹ́sẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ odò. A fi bí a ti ń ta aṣọ sẹ́nu àmù han àwọn ènìyàn, wọ́n ṣe é lójú wa, wọ́n sì ń ṣe é lọ. Ọ̀gágun Yakubu Gowon tó ti jẹ olórí ìjọba fúnra rẹ̀ lọ káàkiri abúlé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tó ní sòbìyà ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2013 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ká ní orin ni a fi kọ́ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n sẹ́ omi, a ì bá ṣì máa fa kòkòrò yọ lẹ́sẹ̀ ara wa di òní.

Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn wà tí n kò ní pẹ́ lórí wọn. Kẹ́ẹ̀gì onílítà márùn-ún tí a fi ìṣó gbígbóná lu ihò kékeré sí lára, tí a so rọ̀ sórí igi, tí okùn ọrùn rẹ̀ sì so mọ́ igi kékeré tí a fẹsẹ̀ tẹ̀, ń fọ ọwọ́ ọmọ kan pẹ̀lú omi tí kò tó ìdajì lítà. Nígbà tí a gbé agbada sí abẹ́ ẹ̀rọ tó ń dà tí ọmọ kan náà sì fọwọ́, ohun tí a bá nínú agbada fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà mẹ́ta. Omi tí a fi ṣan ọwọ́ yẹn, tẹ̀tẹ̀ àti ewédú ni a da á sí nídìí. Ìkòkò amọ̀ tí kò ní dídán, tí a rì mọ́lẹ̀ láàárín ebè, tí a bu omi kún tí a sì fi ọmọrí dé, ń jò díẹ̀díẹ̀ sí gbòǹgbò ewébẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ìdí àmù rí mọ ìdí rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yóò sọ. Wọn yóò ní kíláàsì ní ọmọ àádọ́ta, sílábọ́ọ̀sì gùn, alábẹ̀wò ń bọ̀, owó kò sí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n igo, rúlà, okùn àti kẹ́ẹ̀gì kò ná wa ní kọ́bọ̀, àwọn ọmọ ló kó wọn wá láti ilé. Iṣẹ́ náà kò sì gba àkókò lọ́wọ́ ìṣirò tàbí èdè, nítorí pé òun gan-an ni ìṣirò, ìròyìn tí wọ́n sì ń kọ nípa rẹ̀ ní èdè Yorùbá sàn ju àròkọ "Ọjọ́ tí inú mi dùn jù" tí wọ́n ti ń kọ láti ayé ìgbà tèmi. Kí n má purọ́, ọdún kejì ni a tó rí i ṣe dáadáa. Ní ọdún àkọ́kọ́, ewúrẹ́ dojú ìwọ̀n òjò wa dé lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ kan sì kọ iye mìlímítà tí kò sí nígbà tí wọ́n bá gbàgbé láti lọ kà á. Ọ̀nà tí a fi mọ̀ ni pé wọ́n kọ òjò sí ọjọ́ tí gbogbo wa sá aṣọ.

Ohun tí kò sí lágbára ọmọ ni gọ́tà páànù àti àgbá ńlá. Lórí ìyẹn, mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé ohùn sókè sí àjọ tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa, kí wọ́n má fọwọ́ sí iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kankan fún kíláàsì tuntun tí kò bá ní gọ́tà sí etí òrùlé rẹ̀ àti àgbá tí yóò gbe òjò sí, pẹ̀lú ìdérí tí ẹ̀fọn kò ní lè wọ̀. Ó máa ń dùn mí láti rí kíláàsì tuntun tí a fi ọ̀dà kùn dáadáa, tí a kọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ sí lára gàdàgbà, tí òjò sì ń gbẹ́ kòtò sí ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Èkejì ni ẹ̀bẹ̀ tí mo ní sí ẹ̀yin gan-an, Olóòtú. Ẹ ní ojú ewé kan fún àwọn ọmọdé, tí àlọ́ àti àwòrán máa ń wà níbẹ̀. Ẹ fún wọn ní igun kékeré kan nínú rẹ̀ lóṣooṣù, láti oṣù kẹta tí òjò bá ti ń bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù kẹwàá, kí àwọn ilé ìwé máa fi iye mìlímítà òjò tí wọ́n wọ̀n ránṣẹ́ síbẹ̀, láti Ṣakí dé Ìkòròdú, láti Iléṣà dé Abẹ́òkúta. Ọmọ tó bá rí orúkọ ilé ìwé rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn kò ní gbàgbé láti ka igo ní aago mẹ́sàn-án. Ìwé àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́rin ti kíláàsì tèmi ṣì wà lọ́wọ́ mi, òjò àti kókó okùn papọ̀, àfi ojú ewé méjì tí ewúrẹ́ kan náà jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ rán ẹnìkan wá, mo ṣe tán láti yá yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Mọ́níyà, Ìbàdàn.